Ẹ̀tọ́ Àlejò àti Ẹ̀tọ́ Onílé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbọn Nínú Ilé Ìtura

KHUTUBA ÀKỌ́KỌ́

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí ó dá ẹ̀mí tí ó sì fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, Ẹni tí ó ṣe ilé ní ibi ìsinmi fún ẹrú Rẹ̀, tí ó sì fi ìbàlẹ̀ ọkàn ṣe ìkẹ́ fún arìnrìn-àjò. A yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Allah, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ní dáradára títí di Ọjọ́ Ìkẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń kìlọ̀ fún ara wa kí á tó kìlọ̀ fún yín pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù Rẹ̀ ní gbangba nìkan, ojú èèyàn ni ó ń bẹ̀rù. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti padé ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tòótọ́ máa ń hàn. Ọ̀rọ̀ tí a sì fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí ní àìpẹ́ yìí. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni a ń wá, kì í ṣe ẹni tí a máa dójú tì. Ọdẹ kan, ọmọlúwàbí ènìyàn, ń ti ìrìn-àjò bọ̀. Ilẹ̀ ṣú u lọ́nà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ti rí lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ní àkókò àwọn ajínigbé yìí. Ó yà sí ilé ìtura kan, ó sanwó, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ṣakabùlà rẹ̀ wà nínú àpò ìdọ̀họ tí ó gbé dání. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó wà ní ilé ìwẹ̀, ọmọ tí ń tọ́jú yàrá fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn láìkànkùn, ó gbé àpò náà láti gbálẹ̀, ó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì fi igbe bọnu pé olè ni. Kí ọdẹ tó rí aṣọ wọ̀, èrò ti pé. Bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá, ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu sọ.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú àwọn àgbààgbà, onílé ní, "Ẹ gbé ìbọn pamọ́ sínú ilé mi." Ọdẹ ní, "Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí ní ìhòòhò." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú òtítọ́ kan dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbàgbé òtítọ́ ẹnìkejì. Òtítọ́ méjèèjì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn wa àti òfin ilẹ̀ wa.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN WÁ

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìlú ńlá ni èyí. Ní Agọ́-Ìwòyè, láti ìgbà tí Yunifásítì ti dé ní ọdún 1982, èyí tí à ń pè ní Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, ilé àlejò kò yé pọ̀ sí i. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, awakọ̀ tí ó wá kó pákó máa ń sùn mọ́jú. Ní Ogun Waterside, láti Àbígí dé Ìwọ́pin, oníṣòwò ẹja àti arìnrìn-àjò orí omi nílò ibi tí wọn yóò gbé orí lé. Àwọn ará wa ni onílé, àwọn ará wa ni òṣìṣẹ́, àwọn ará wa sì ni àlejò. Igbó yí wa ká, ọdẹ wà láàárín wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà láàárín wa. Ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn náà ń rìn láàárín wa, kì í sì í kọ ọ́ sí iwájú orí.

ÒTÍTỌ́ ÀKỌ́KỌ́: YÀRÁ ÀLEJÒ, ILÉ ÀLEJÒ NI

Ọlọ́hun Ọba kọ́ wa nínú Suuratu Nuur, láti orí aayah 27, pé kí á má ṣe wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìtọrọ àṣẹ àti láìkí àwọn ará inú rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ní kí á padà, kí á padà. Àwọn onímọ̀ òfin Islam sì fi yé wa pé ẹni tí ó yá ilé ti ra ànfààní ilé náà fún iye ọjọ́ tí ó sanwó fún. Ilẹ̀ àti ògiri jẹ́ ti onílé. Ìsinmi àti ìbòra inú rẹ̀ di ti àlejò. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ kejì tí ó wà lọ́wọ́ onílé, amaanah ni; kì í ṣe àṣẹ láti wọlé nígbà tí ó bá wù ú.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń tọrọ àṣẹ. Bí a kò bá dáhùn, kí á padà. Nígbà tí ọkùnrin kan yọjú wo inú yàrá rẹ̀ láti ojú ihò, inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá, ó sì ṣàlàyé pé nítorí ojú ni a ṣe pa títọrọ àṣẹ láṣẹ. Bí ojú lásán bá wúwo tó báyìí, kí ni ká sọ nípa ọwọ́ tí ń tú ẹrù olóhun? Suuratu Hujuraat, aayah 12, sì kọ̀ fún wa láti máa ṣe òfíntótó àṣírí ara wa.

Òfin orílẹ̀-èdè wa kò ta ko èyí. Abala 37 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 dáàbò bo ìdákọ́ńkọ́ ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Òfin tí ó de àkọsílẹ̀ nípa èèyàn náà ti wà láti ọdún 2023: orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù tí àlejò kọ sínú ìwé yín, ẹ kò gbọdọ̀ fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn béèrè.

ÒTÍTỌ́ KEJÌ: ÌBỌN KÌ Í ṢE ÀṢÍRÍ ẸNÌKAN

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ apá kejì. Àṣírí tí Ọlọ́hun ní kí á bò ni èyí tí ìpalára rẹ̀ kò kọjá ẹni tí ó ni ín. Ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta kì í dúró níbi tí ògiri bá parí. Ẹni tí ó sùn sí yàrá kejì pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá kìíní.

Ẹ̀yin ará wa ní etí omi, ẹ ó mọ àpèjúwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì ṣe àfiwé àwọn èèyàn tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan, àwọn kan lókè, àwọn kan nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò pé kí àwọn dá ihò lu sí apá tiwọn, kí àwọn lè máa rí omi bù láìyọ ará òkè lẹ́nu. Bí àwọn ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀ pé apá tiwọn ni, gbogbo wọn yóò rì. Bí wọ́n bá dá wọn lọ́wọ́ kọ́, gbogbo wọn yóò là. Ilé ìtura dàbí ọkọ̀ yẹn. Yàrá jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n òrùlé kan náà ni ó bò yín.

Ayé ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ó ti fi ọjọ́ mélòó kan kó ìbọn púpọ̀ sínú àpótí aṣọ wọ yàrá rẹ̀ ní àjà kejìlélọ́gbọ̀n ilé ìtura kan, yìnbọn láti ojú fèrèsé sí àwọn tí wọ́n péjọ níbi àríyá nísàlẹ̀. Ẹ̀mí tí ó ti ibẹ̀ lọ tó 60. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtura níbẹ̀ yí ìlànà wọn padà, pé bí àlejò tilẹ̀ fi àmì "ẹ má yọ mí lẹ́nu" kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ yóò yẹ yàrá wò láàárín àkókò kan. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìtura ní Bamako ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Ouagadougou ní oṣù kìíní ọdún 2016, àti ní Grand-Bassam ní oṣù kẹta ọdún náà. Onílé tí ó bẹ̀rù kò ya wèrè. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ohun tí à ń bi í ni bí ó ṣe ń lo ìbẹ̀rù náà.

KÍ NI ÒFIN ILẸ̀ WA SỌ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wí pé, "Ìbọn mi ni, ẹ̀tọ́ mi ni." Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Nínú Suuratu Nisaa, aayah 59, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí á tẹ̀lé Òun, kí á tẹ̀lé Òjíṣẹ́ Rẹ̀ àti àwọn aláṣẹ láàárín wa. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀: ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta, bọ́ǹbù, àti ìbọn ìléwọ́ pàápàá, àyàfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní àṣẹ. Ìkejì ni ìbọn àdáni, irú ìbọn ọlọ́ta tí àwọn ọdẹ kan ń lò. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni à ń gbà fún un. Ìkẹta ni ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, irú ṣakabùlà. Ìlànà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀ ni ó de ìyẹn. Òfin náà kò fẹ́ kí a fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 17 ní àṣẹ, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbé ìbọn ìléwọ́ sínú àpò lọ sùn sí ilé ìtura láìní àṣẹ kò ní ẹ̀tọ́ kankan tí ó fẹ́ dáàbò bò. Ẹ̀wọ̀n ọdún púpọ̀ ni ó so mọ́ ìdí ara rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, nítorí pé Abala 45 nínú Ìwé Òfin gbà kí òfin tí ó tọ́ dín ẹ̀tọ́ ìdákọ́ńkọ́ kù nítorí ààbò ará ìlú.

ÌDÁÀBÒBÒ ARA ẸNI ŃKỌ́?

Ẹnìkan yóò béèrè pé: "Bí ajínigbé bá ká mi mọ́ yàrá ńkọ́? Ṣé kí n káwọ́ gbera ni?" Rárá. Islam kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan bi Ànábì léèrè nípa ẹni tí ó bá wá fi ipá gba ohun ìní rẹ̀. Ànábì ní kí ó má fún un. Ó ní bí onítọ̀hún bá gbógun ńkọ́? Ó ní kí ó bá a jà. Ó ní bí ó bá pa òun ńkọ́? Ó sọ fún un pé ikú ajẹ́rìíkú ni. Muslim ni ó gba hádíìsì yìí wá. Nínú Suuratu Nisaa bákan náà, aayah 102, Ọlọ́hun ní kí àwọn sàábé mú ohun ìjà wọn dání lórí ìrun pàápàá nígbà tí ọ̀tá wà nítòsí. Abala 33 nínú Ìwé Òfin wa náà gbà pé ènìyàn lè lo agbára tí ó bá yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ náà: agbára tí ó bá yẹ. Suuratu Baqarah, aayah 190, kọ̀ fún wa láti kọjá ààlà bí a tilẹ̀ ń jà fún ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó yìnbọn sí ìró ẹsẹ̀ ní òru, tí ó wá jẹ́ pé ọmọ tí ó gbé omi wá ni, kò lè wí pé ara òun ni òun ń dáàbò bò. Ànábì kan náà tí ó fún wa láàyè láti gbèjà ara wa ni ó kọ̀ fún wa láti na ohun ìjà sí arákùnrin wa, ìbáà jẹ́ eré. Òun ni ó pàṣẹ pé ẹni tí ó bá mú ọfà kọjá nínú mọ́ṣáláṣí wa tàbí ọjà wa, kí ó fi ọwọ́ di orí irin rẹ̀ mú, kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni. Ẹ kíyè sí i: kò ní kí wọ́n má mú ọfà. Ó ní kí wọ́n dáàbò bo èrò lọ́wọ́ ọfà náà. Ìlànà tí a nílò fún ilé ìtura wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá.

ÀPẸẸRẸ ÀNÁBÌ IBRAHIM

Ẹ jẹ́ kí á wo olùgbàlejò tí Ọlọ́hun yìn jùlọ nínú Àlùkùránì. Àwọn àlejò tí Ànábì Ibrahim kò mọ̀ rí wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó kí wọn, ó sáré gbé ọmọ màlúù tí ó sanra wá. Nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ wọn kò dé ibi oúnjẹ, ẹ̀rù bà á. Suuratu Huud àti Suuratu Dhaariyaat sọ ìtàn náà. Ẹ̀rù ba ọ̀rẹ́ àyò Ọlọ́hun pàápàá! Ṣùgbọ́n kò tú ẹrù wọn, kò pariwo, kò pe èrò lé wọn lórí. Ojúkojú ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú: wọ́n fọkàn rẹ̀ balẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ ẹni tí àwọn jẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ nítorí àlejò, ìwọ onílé, ẹnu ni kí o kọ́kọ́ lò, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì.

Kí àlejò náà má sì ṣe fi ìdákẹ́jẹ́ dẹ́rù ba onílé. Nínú ìrìn-àjò kan pẹ̀lú Ànábì, ẹnìkan sùn lọ, ẹlòmíràn lọ fa okùn rẹ̀, ó sì ta gìrì pẹ̀lú ìpayà. Ànábì sọ pé kò tọ́ fún mùsùlùmí láti dẹ́rù ba mùsùlùmí. Bí okùn bá rí báyìí, mélòómélòó wá ni ìbọn?

A ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTUBA KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ tí kò bá di ìṣe, afẹ́fẹ́ ni. Nítorí náà, ìmọ̀ràn àwọn àgbààgbà nìyí.

Ẹ̀yin onílé ìtura: ẹ kọ ìlànà yín lórí ohun ìjà síbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ẹ tó gba owó. Ànábì kọ́ wa pé àwọn mùsùlùmí máa ń dúró lórí àdéhùn wọn. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí a kò sọ, báwo ni a ṣe máa dúró lé e? Bí àlejò kò bá fara mọ́ ọn, kí ó máa lọ ní àlàáfíà pẹ̀lú owó rẹ̀. Bí ó bá ní ìwé àṣẹ, tí ẹ sì gbà á láàyè, kí ó yọ ẹ̀tù tàbí ọta kúrò, kí ẹ ti ìbọn náà mọ́ àpótí irin níṣojú rẹ̀, kí ẹ kọ ìwé fún un. Bí ẹ bá fura pé ìbọn tí kò ní àṣẹ wà nílé yín, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè. Ẹ má rán ọmọ agbálẹ̀ ní iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró ìbọn tàbí igbe ẹni tí ń kú lọ, ìyẹn kì í ṣe àkókò ìkànkùn. Gbígba ẹ̀mí là ṣíwájú.

Ẹ sì gbọ́ èyí tí ó wúwo jù: ẹni tí ó gba ohun ìjà lọ́wọ́ àlejò ti gba ààbò àlejò náà sí ọrùn ara rẹ̀. O kò lè ní kí ó fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, kí géètì rẹ má ní àgádágodo, kí ilé wà ní òkùnkùn, kí ọdẹ alẹ́ rẹ sì máa sùn. Ànábì Luut dúró sí ẹnu ọ̀nà nítorí àlejò rẹ̀. Ó kéré tán, ìwọ tan iná, kí o sì ní nọ́ńbà ọlọ́pàá àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò lọ́wọ́.

Ẹ̀yin àlejò àti ẹ̀yin ọdẹ wa: ẹ mú ìwé àṣẹ yín dání, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Gbólóhùn kan ní alẹ́ ìbá gba ọdẹ wa lọ́wọ́ ìtìjú òwúrọ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́: ẹ kànkùn, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ dúró. Ohun tí ẹ bá rí, ọ̀gá yín ni kí ẹ sọ ọ́ fún, kì í ṣe àdúgbò, kì í sì í ṣe WhatsApp. Suuratu Hujuraat, aayah 6, ní kí á wádìí ìròyìn dájú kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe ìjọ kan ní ibi, kí á wá máa kábàámọ̀. Igbe "olè" kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí aláìmọ̀kan, Suuratu Maa'idah, aayah 32, sì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé pípa ẹ̀mí kan láìtọ́ dàbí pípa gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́: ìbọn kì í sọ ọmọ di ọkùnrin. Ẹni tí ó bá ní kí o bá òun gbé àpò kan pamọ́ sí yàrá rẹ, kí o má béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ.

Ní ti àwọn ará wa méjèèjì, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Onílé tọrọ àforíjìn nítorí ilẹ̀kùn tí a ṣí. Ọdẹ tọrọ àforíjìn nítorí ìbọn tí kò sọ. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú wa, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì ti kírun lẹ́yìn rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba, dáàbò bo Ìjẹ̀bú-Igbó, Agọ́-Ìwòyè, Ogun Waterside àti gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Bo àṣírí wa, fọkàn wa balẹ̀ kúrò nínú ìpayà wa. Fún àwọn ọba wa àti àwọn aláṣẹ wa ní ọgbọ́n òdodo. Gba ohun ìjà kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣebi, má sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wà ní ọrùn ẹnikẹ́ni nínú wa. Foríjin àwa, àwọn òbí wa àti gbogbo mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, alààyè wọn àti òkú wọn. Aamiin.

Ẹ dìde sí ìrun yín, kí Ọlọ́hun ṣàánú yín.